Ọmọ Tí À Ń Ràn Lọ́wọ́

Ọjọ́ tí wọ́n kó ọmọbìnrin náà dé ilé kẹrin, òjò ń rọ̀, Àǹtí Ọ́fíìsì ò tilẹ̀ pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀. Àǹtí Ọ́fíìsì ni gbogbo ọmọ tó wà lábẹ́ ìtọ́jú ìjọba ń pe òṣìṣẹ́bìnrin tó ń kó wọn láti ilé alágbàtọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Kì í ṣe ìkà èèyàn. Ọmọ tó wà lọ́rùn rẹ̀ ló pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ, ó sì ti pẹ́ tó ti gbàgbé pé ohun tí òun ń kó kiri ní ojú, ó ní etí, ó sì máa ń rántí nǹkan. Ó gbé àpò náílọ́ọ̀nù dúdú méjì sí ẹnu ọ̀nà, irú èyí tí àwọn èèyàn fi ń kó ilẹ̀ dànù. Aṣọ ọmọ náà wà nínú ọ̀kan, ìwé àti bàtà rẹ̀ wà nínú ìkejì.

"Ṣe jẹ́jẹ́ níbí o," ó sọ fún un. "Èèyàn ńlá ni wọ́n. Má jẹ́ kí n tún padà wá kó ẹ."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀! Bí ẹni pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ló kó ara rẹ̀ kúrò nílé mẹ́ta. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tí kò tíì lè de okùn bàtà. Bàbá rẹ̀ ní òun ń lọ wáṣẹ́, títí di òní olónìí wọ́n ṣì ń retí rẹ̀. Ilé àkọ́kọ́ gbà á nítorí tọkọtaya ibẹ̀ ò rọ́mọ bí. Nígbà tí oyún dé, wọ́n dá a padà bí ẹni dá ìkòkò aládùúgbò padà. Ilé kejì kó lọ sí ìlú mìíràn. Wọ́n mú ajá wọn dání, wọn ò mú ọmọ náà dání. Nílé kẹta, baálé ilé sọ pé ojú rẹ̀ ti le jù, pé bó bá ti wo òun báyìí, oúnjẹ kì í dà nínú òun. Nínú gbogbo rẹ̀, kò sí ẹni tó pè é jókòó kó sọ pé, "Ohun tá a fẹ́ ṣe rèé o." Á kàn ti ilé-ìwé dé, á bá àpò dúdú lẹ́nu ọ̀nà.

Ilé kẹrin yìí ni ilé Màmá Oníkẹ́míìsì. Kẹ́míìsì rẹ̀ ló tóbi jù ní gbogbo òpópónà, iná ibẹ̀ funfun gbòò tọ̀sán tòru, kò sì sí ẹni tó ń kọjá tí kì í kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ọkọ rẹ̀ ti wa ọkọ̀ ojú irin títí ó fi fẹ̀yìn tì. Láti ìgbà náà, yàrá kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná ló ń jókòó sí, tòun ti rédíò, débi pé Bàbá Rédíò ni àwọn ọmọ àdúgbò ń pè é. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n bí. Ó wà ní yunifásítì, yàrá rẹ̀ wà ní títì pa dè é. Wọ́n fún ọmọ tuntun ní yàrá tóóró kan lókè, tí fèrèsé rẹ̀ dojú kọ tánkì omi.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ bó ṣe rí. Ebi ò pa á níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò nà án. Aṣọ ilé-ìwé rẹ̀ mọ́, bàtà rẹ̀ ò lujá. Ṣùgbọ́n ohun tó ń dun ni ló ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, ohun tó sì ń dun ọmọ yìí ò sí nínú ìkòkò, kò sí lára aṣọ.

Bí àlejò bá ti dé, Màmá á pè é pé kó gbé omi wá. Á gbé e wá. Màmá á wá di èjìká rẹ̀ mú, á yí i síwá, á yí i sẹ́yìn díẹ̀ bí ẹni tó ń fi aṣọ tuntun hàn, á ní, "Èyí ni ọmọ tí à ń ràn lọ́wọ́."

Àwọn àlejò á mi orí. "Ẹ kú iṣẹ́ àánú, mà."

"Ṣé ó máa ń dúpẹ́?" obìnrin kan béèrè lọ́jọ́ kan, ojú ọmọ náà kòrókòró.

"À ń kọ́ ọ," ni Màmá fèsì.

Ọkùnrin kan tún pa òwe lé e, pé ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ẹ̀yin fi sí i ná, Ọlọ́run á san án fún yín. Ọmọ náà gbé àwo padà sí ilé ìdáná, ó ń ronú pé, ìlẹ̀kẹ̀ wo? Ife tòun nìkan ló jẹ́ ti rọ́bà nínú gbogbo ife ilé. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé kó má fọwọ́ kan ti dígí. Lọ́jọ́ tó fọwọ́ kàn án ni pálọ̀ dákẹ́ rọ́rọ́, ó sì gbọ́ èdè.

Ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan ni ọ̀rọ̀ náà hó dànù bí ìkòkò orí iná. Àlejò kún pálọ̀, Màmá sì ń dápàárá. Ó dá ọmọ náà dúró tòun ti tíréè lọ́wọ́.

"Sọ fún wọn," ni Màmá wí. "Ká ní a ò gbà ẹ́, ibo lò bá wà báyìí?"

"N ò mọ̀, mà."

"O mọ̀ ọ́n. Sọ ọ́."

Ọmọ náà ò sọ ọ́. Màmá bá a sọ ọ́: "Ojú títì ni. Ojú títì ni ì bá wà." Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, irú ẹ̀rín tí àwọn olówó fi ń bo ẹnu.

Nígbà tí Màmá sin wọ́n jáde, ọmọ náà wọ ilé ìdáná, ó mú ọ̀bẹ, ó padà sí pálọ̀, ó sì fa àga ńlá tí àwọn àlejò pàtàkì máa ń jókòó sí ya láti ẹ̀yìn dé ìdí. Fóòmù tú síta. Kò sá. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbé ọ̀bẹ náà sórí kápẹ́ẹ̀tì, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Mo gbé o! Mo kú o! Ẹ wá wo ohun tí mo fi oúnjẹ bọ́!" Igbe Màmá mú kí Bàbá Rédíò jáde nínú yàrá rẹ̀. Ó wo àga, ó wo ọmọ, ó wo ìyàwó rẹ̀.

"Àga ni," ló sọ. "Kì í ṣe èèyàn." Ó sì padà sídìí rédíò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó sọ lọ́sẹ̀ náà ò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Màmá gbé fóònù láti pe ọ́fíìsì, ó tún gbé e sílẹ̀. Kí làwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbí á wí? Iṣẹ́ àánú tí gbogbo ayé ti gbọ́! Ó ní ọmọ náà ni yóò gbé àga lọ sọ́dọ̀ ẹni tó máa tún un ṣe, ibẹ̀ ni yóò sì máa gbà lọ bó bá ti ilé-ìwé dé, tí yóò máa bá onítọ̀hún ṣiṣẹ́ títí àga á fi padà sí bó ṣe wà.

Bó ṣe dé ọ̀dọ̀ Ìyá Alága nìyẹn. Kì í ṣe alága ìpàdé o. Àga ló ń ṣe. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́yìn òpópónà kejì, òrùlé rẹ̀ rẹlẹ̀, òórùn gọ́ọ̀mù àti igi gbẹ gbabẹ̀ kan, eruku fóòmù sì bo ohun gbogbo títí kan irun orí obìnrin náà. Obìnrin gbọ̀ngbọ̀nràn ni, apá rẹ̀ bí ti alágbẹ̀dẹ. Ìṣó kéékèèké ló máa ń kó sẹ́nu bó bá ń ṣiṣẹ́, á máa fi ahọ́n tì wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, á máa fi òòlù gbà wọ́n, ẹ̀gbẹ́ ẹnu tó kù ló sì fi ń sọ̀rọ̀.

Ó fi ìka tọ ojú ibi tó ya. "Ta ló ṣe èyí?"

Ọmọ náà fi ẹsẹ̀ ti ègé fóòmù kan sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ọ̀bẹ náà mú," ni Ìyá Alága wí. "Ọwọ́ ẹni tó mú un ò sì gbọ̀n."

"Èmi ni, mà."

"Kí ni àga ṣe fún ẹ?"

"Kò ṣe nǹkan kan fún mi."

"Ta ló wá ṣe ẹ́?"

Ọmọ náà ń fi ìka yọ òwú létí ibi tó ya.

"Ó dáa. Lọ́jọ́ tó o bá ṣe tán, wàá sọ fún ẹni tó ṣe ẹ́. Àga ò létí. Gba òòlù yìí."

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń fi irin ẹlẹ́nu méjì yọ ìṣó àtijọ́, wọ́n ń ta sí i lójú. Ó ká aṣọ kúrò, ó rí abẹ́ àga fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀: igi tí wọn ò fá dán, àpò ìdọ̀họ tó ti jẹrà, àwọn sípíríǹgì tí okùn wọn ti já tí wọ́n wá tẹ̀ síbí tẹ̀ sọ́hùn-ún. Àga tí àwọn èèyàn pàtàkì ń jókòó sí! Ìyá Alága kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń so sípíríǹgì mọ́ra kí ọ̀kan má baà ga ju ọ̀kan lọ, bí wọ́n ṣe ń fa aṣọ kó má fún jù kó má dẹ̀ jù, bí wọ́n ṣe ń fi abẹ́rẹ́ tó tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja rán etí aṣọ tí ojú ò fi ní rí òwú. Bí ìránṣọ rẹ̀ bá wọ́, obìnrin náà ò ní wí nǹkan kan. Á fi sísọ́ọ̀sì tú u, á tún gbé e fún un.

Lẹ́yìn tí wọ́n tú u fún un láìmọye ìgbà, ọmọ náà sọ òòlù mọ́ ògiri.

Ìyá Alága ò gbé ojú sókè. "Lọ mú un wá."

Ó lọ mú un, omijé ìbínú ń dà lójú rẹ̀.

"Ìbínú rẹ ò burú," ni ìyá náà sọ láàárín ìṣó. "Èmi náà ń bínú. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé tìẹ ò níṣẹ́ lọ́wọ́. Ìbínú tí ò níṣẹ́ lọ́wọ́ ló ń ya àga kiri. Bá a wáṣẹ́."

Gbẹ́nàgbẹ́nà tó máa ń kó igi àga wá wọlé lọ́jọ́ kan, ó rí i níbi tó ti ká ara rẹ̀ sábẹ́ àga bí ológbò. "Ta lọmọ tín-ín-rín yìí? Ṣé ìwọ̀nba yìí lẹ rí gbà síṣẹ́?"

"Abẹ́rẹ́ ni," Ìyá Alága dá a lóhùn. "Dán an wò kó o gbé e mì, bó o bá pe ara rẹ ní adìẹ."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo ẹni tó ń wọ ṣọ́ọ̀bù ti ń pè é ní Abẹ́rẹ́. Orúkọ tó fẹ́ràn nìyẹn, nítorí òun ló kọ́kọ́ jẹ́ orúkọ tí wọ́n fún un láìfi àánú sí i.

Àga parí, ó padà sí pálọ̀, ó dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Abẹ́rẹ́ ò kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Màmá gbà fún un, ó ní ó sàn kó máa rí nǹkan ṣe ju kó máa wo èèyàn lójú. Bí ọdún ti ń yí, ọwọ́ ọmọ náà ń le, ohùn rẹ̀ ń jáde. Nígbà tí àlejò tún dé, tí Màmá dì í léjìká mú pé, "Èyí ni ọmọ tí à ń…" Abẹ́rẹ́ rọra yọ èjìká rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó kí wọn dáadáa, ó dárúkọ ara rẹ̀ fún wọn, àtorúkọ bàbá rẹ̀, ó ní ìwé ni òun ń kà, òun sì ń kọ́ṣẹ́ àga ṣíṣe. Lẹ́yìn náà ló gbé omi kalẹ̀.

"Ta ló ní kó o sọ̀rọ̀?" Màmá bi í nígbà tí ilé dá.

"Ẹ má bínú, mà. Èmi ni wọ́n ń wò. Mo ní kí wọ́n mọ ẹni tí wọ́n ń wò ni."

Ìbínú kan náà tó fi ọ̀bẹ ya àga ló wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn o, ẹ má rò pé ó ti tutù. Ó ti wọṣọ iṣẹ́ ni.

Ọdún tó yẹ kó ṣe ìdánwò àṣekágbá ni ọmọ Màmá parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ tó sì ń padà bọ̀ wálé. Yàrá rẹ̀ wà níbẹ̀ bó ṣe fi í sílẹ̀, ó tóbi, ó ní fèrèsé méjì. Ṣùgbọ́n ẹrù rẹ̀ pọ̀. Bàtà, aṣọ, ìwé, dígí ńlá kan tó ga ju èèyàn lọ. Ó nílò ibi tó máa kó o sí.

Abẹ́rẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù dé nírọ̀lẹ́, ó bá ibùsùn rẹ̀ ní kọ́rídọ̀, wọ́n ti gbé e nàró ti ògiri. Ó gbọ́ ohùn Màmá nísàlẹ̀, lórí fóònù, ohùn tó fi ń bá oníbàárà rere sọ̀rọ̀: "Ẹ wá kó o lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Rárá, kò dá wàhálà sílẹ̀. A kàn nílò yàrá yẹn ni. Ó ti dàgbà, ibikíbi ló lè wà."

Ẹrù! Wọ́n fẹ́ kó èèyàn jáde kí ẹrù lè ráyè sùn. Ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀, ibi tí wọ́n sì ní wọ́n ń gbé e lọ jẹ́ ilé àwọn ọ̀dọ́ ní ìlú mìíràn, ilé-ìwé mìíràn, níbi tí olùkọ́ kankan ò ti mọ̀ ọ́n. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà hó. Ó sọ̀kalẹ̀ wá sí pálọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń yún un. Àga wà níbẹ̀, aṣọ rẹ̀ ń dán. Ilé ìdáná ò jìnnà. Ó dúró títí ọwọ́ náà fi rọlẹ̀, ó wá kọjú sí Màmá.

"Mà, mo gbọ́ ohun tí ẹ sọ."

Màmá gbé fóònù sílẹ̀. "Ṣé o ti wá ń fetí kọ́ ọ̀rọ̀ mi ni?"

"Ẹ ò sọ fún mi, mà."

"Ṣé ìwọ ló nilé ni? Ọdún mélòó la fi tọ́jú ẹ? Kí ló kù tá ò ṣe? Aláìmoore!"

"Mo dúpẹ́, mà. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ni mo ti ń dúpẹ́. Omi ni mo mu, mo dúpẹ́. Mo jókòó, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ ò bi mí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ ì bá bi mí."

"Kí n bi ẹ́ kí n tó lo yàrá nínú ilé mi?" Màmá kígbe, ó sì gòkè lọ.

Abẹ́rẹ́ sáré padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ìyá Alága ń ti ilẹ̀kùn lọ́wọ́, ìṣó ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó jókòó sórí àga tí kò tíì ní aṣọ, igi náà dún.

"Mi ò lè tàn ẹ́," ló sọ. "Yàrá kan ni mo ní, àga oníbàárà sì ti gba ìdajì rẹ̀. Wọn ò ní gbé ọmọ fún mi. Ta ló ń pàṣẹ pé kí wọ́n máa kó ẹ?"

"Ìpàdé kan ni wọ́n máa ń ṣe ní ọ́fíìsì."

"Kí lo máa ń sọ níbẹ̀?"

"Mi ò wọ ibẹ̀ rí, mà. Ìta ni wọ́n máa ń fi wá sí."

Ìyá Alága tu gbogbo ìṣó ẹnu rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́. Abẹ́rẹ́ ò rí i kó ṣe bẹ́ẹ̀ rí. "A kì í fá orí lẹ́yìn olórí! Orí ta ni wọ́n ń fá?"

"Orí mi ni."

"Kí lo wá ń ṣe lọ́dọ̀ mi? Iṣẹ́ tí ìbínú rẹ ń wá nìyẹn o."

Lọ́jọ́ ìpàdé, kọ́rídọ̀ ọ́fíìsì kún. Bẹ́ǹṣì gígùn kan wà níbẹ̀, àwọn ọmọ jókòó lé e, wọ́n di ẹrù wọn mú bí èrò tó ń retí ọkọ̀ tí kò ṣe é mọ̀ bóyá ó ń bọ̀. Àǹtí Ọ́fíìsì ní kí Abẹ́rẹ́ jókòó síbẹ̀. "A ó pè ẹ́ tó bá yá," ló sọ, òun, Màmá, àti Bàbá Rédíò tó wa ọkọ̀ gbé ìyàwó rẹ̀ wá sì wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Ilẹ̀kùn náà fẹ́lẹ́. Abẹ́rẹ́ ń gbọ́ ohùn alága ìpàdé, ọkùnrin kan tí súìtì míǹtì ń dún kótókótó lẹ́nu rẹ̀. "Ọmọ náà ò ní ìṣòro kankan," ló ń sọ. "Irú wọn tètè máa ń bá ibi tuntun mu." Irú wọn! Abẹ́rẹ́ dìde. Ó kan ilẹ̀kùn, kò dúró kí wọ́n dáhùn, ó ṣí i.

"Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà. Orí mi lẹ ń fá, mo ní kí n kúkú gbé e wá."

Míǹtì dúró lẹ́nu alága. "Ta ló ní kí ọmọ yìí wọlé? Ìpàdé àgbà nìyí!"

"Mo mọ̀, sà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mi lẹ ń sọ. Ẹ ní mo tètè máa ń bá ibi tuntun mu. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín? Nílé àkọ́kọ́ mo tọ̀ sórí ibùsùn títí wọ́n fi kó mi kúrò. Nílé kejì mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ajá nìkan ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó bi mí. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá kó mi, ilé-ìwé ni mo máa ń wà. Ṣé olè ni yín ni, tí ẹ fi ń dúró kí n jáde kẹ́ ẹ tó kó ẹrù mi?"

"Gbọ́ ẹnu ẹ̀!" Màmá sọ.

"Mà, ẹ bọ́ mi, mi ò sọ pé ẹ ò bọ́ mi. Ẹ tún fi mí han gbogbo àlejò yín bí ohun tí ẹ rà lọ́jà. Mo gbà á. Ṣùgbọ́n ìdánwò mi rèé, mi ò lè gbà á pé bàtà ni wọ́n fẹ́ kó síbi tí mò ń sùn. Ẹ jẹ́ kí n ṣe ìdánwò mi tán níbi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ohun tí mo wá béèrè nìyẹn. Kì í ṣe àánú."

Alága ìpàdé gbé míǹtì sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì. "A ti gbọ́. A ó gbé e yẹ̀wò. Lọ jókòó níta."

"Ẹ gbé e yẹ̀wò lójú mi, sà."

"Mo ní kó o jáde!"

Abẹ́rẹ́ fi àáké kọ́rí. Ó fa àga kan sẹ́yìn, ó jókòó, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sórí tábìlì kí gbogbo wọn lè rí bí wọ́n ṣe ń gbọ̀n. Àǹtí Ọ́fíìsì ń wo orí bàtà ara rẹ̀. Alága bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún Màmá pé ohun tí agídí ń fà nìyí, pé ọmọ báyìí ò yẹ nínú ilé onílé. Ibẹ̀ ni Bàbá Rédíò ti wúkọ́.

"Rédíò á dún nínú ilé ìdáná," ló sọ.

Kò sẹ́ni tó yé. Màmá yíjú sí i. "Kí lẹ wí?"

"Mo ní rédíò á dún nínú ilé ìdáná. Kí ọmọ náà kó sí yàrá mi títí yóò fi ṣe ìdánwò rẹ̀."

Alága ìpàdé wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ní ìyẹn náà dára, ó pa fáìlì dé, ó dìde. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ọmọ náà wọ̀ ọ́ lára o. Oúnjẹ ọ̀sán ló ń pè é.

Níta, Abẹ́rẹ́ bú sẹ́kún. Àǹtí Ọ́fíìsì rò pé ayọ̀ ni, ó fẹ́ dì mọ́ ọn, ọmọ náà sún sẹ́yìn. Ayọ̀ kọ́. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló tán ọ̀rọ̀ náà! Ọkùnrin kan wúkọ́, ó gbé rédíò rẹ̀ láti yàrá kan sí èkejì, ó parí. Bó bá rọrùn tó báyìí, kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò wúkọ́ fún un nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ tó ń di ọrùn ajá mú, tí wọ́n ń já ọwọ́ rẹ̀ kúrò?

Ó sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná títí ìdánwò fi parí. Ilé náà tutù bí ẹ̀yìn òkúta. Màmá kì í bá a sọ̀rọ̀ bí kò bá kan oúnjẹ, ọmọ ilé ń rékọjá lára rẹ̀ bí ẹni rékọjá lára ògiri. Bàbá Rédíò kì í wí nǹkan kan, ṣùgbọ́n bí ọmọ náà bá ń kàwé, á yí ohùn rédíò sílẹ̀ títí tí yóò fi kù díẹ̀ kó gbé etí lé e kó tó gbọ́ ọ. Abẹ́rẹ́ yege, ó ku iṣẹ́ ìṣirò nìkan. Ó tún ìyẹn ṣe lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó gbà á.

Nígbà tó pé ọdún méjìdínlógún, ìjọba ká ọwọ́ kúrò lára rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn: lánàá o jẹ́ ọmọ wọn, lónìí o di ẹni tó lè dá dúró. Àǹtí Ọ́fíìsì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó kí i kú oríire. Oríire wo? Abẹ́rẹ́ àti ọmọbìnrin kan tí wọ́n jọ ń kọ́ṣẹ́ gba yàrá kan nítòsí ṣọ́ọ̀bù, Bàbá Rédíò bá a gbé ibùsùn dé ibẹ̀, ó wo òrùlé bóyá ó ń jò, ó sì lọ.

Lọ́jọ́ kan Màmá Oníkẹ́míìsì wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó gbé àpótí ìjókòó kékeré kan wá pé kí wọ́n bá òun pààrọ̀ aṣọ rẹ̀. Ó jókòó. Ó wo yíká. "O ti sanra," ló sọ. Abẹ́rẹ́ retí ọ̀rọ̀ tó kù. Kò sí èyí tó kù. Ó bá a ṣe àpótí náà dáadáa, ó rán etí rẹ̀ tí òwú ò hàn. Kò tíì dárí jì í, kò sì jẹ́ kí ìyẹn wọ inú iṣẹ́.

Ohun tó ń ṣe báyìí ni pé lọ́jọ́ ìpàdé ọ́fíìsì, á wọ bàtà, á lọ jókòó ti àwọn ọmọ lórí bẹ́ǹṣì. Ẹnikẹ́ni ò pè é. Alága ìpàdé ti ní kí ẹ̀ṣọ́ géètì má jẹ́ kó wọlé mọ́. Ẹ̀ṣọ́ náà ti dá ojú rẹ̀ mọ̀, ó sì máa ń lọ wá omi mu bó bá ti rí i tó ń bọ̀. Òfin ò tíì yí padà. Wọ́n ṣì ń kó ọmọ nígbà tó bá wà nílé-ìwé. Inú ṣì ń bí i, ó sì lérò pé ó yẹ kó bí ẹ̀yin náà.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ọmọbìnrin kékeré kan ló jókòó tì í, ó ń fi eyín já èékánná rẹ̀.

"Àǹtí, ṣé lọ́yà ni yín?"

"Rárá o. Àga ni mò ń ṣe."

Ọmọ náà rò ó wò. "Tí mo bá wọlé, kí ni kí n kọ́kọ́ sọ? Ṣé kí n kọ́kọ́ dúpẹ́ ni?"

"Má kọ́kọ́ dúpẹ́," ni Abẹ́rẹ́ sọ fún un. "Kí wọn bí ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́, kó o wá sọ ohun tí wọ́n ṣe fún ẹ. Bí ohùn rẹ bá ń gbọ̀n, jẹ́ kó máa gbọ̀n, ṣáà sọ ọ́ tán." Ó dìde, ó di ọmọ náà lọ́wọ́ mú, ó sì kan ilẹ̀kùn.